Igi Lẹ́yìn Ọgbà Kì í Ṣe Baba Ìsàlẹ̀

Yorùbá ní ju orúkọ kan lọ fún ẹni tó lágbára lórí ọ̀rọ̀ tí kò sì jáde sí gbangba. Ẹni tó bá ṣì wọ́n lò lè bú olóore rẹ̀ níbi tó ti fẹ́ dúpẹ́.

Igi lẹ́yìn ọgbà, ìyìn ni. Ọgbà tó fẹ́ wó, ọ̀pá la fi ń tì í lẹ́yìn, ẹni tó ń kọjá lọ kì í sì í rí ọ̀pá náà. Ẹni tó ń sanwó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láìpàṣẹ fún un, igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀ nìyẹn.

Baba ìsàlẹ̀ ló gba ìṣọ́ra. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti nínú ẹgbẹ́, oyè ni: àgbà tó ń náwó, tó ń parí ìjà. Nínú òṣèlú, òun ló fa olùdíje kalẹ̀, tó sì fẹ́ máa yan àwọn tí yóò bá a ṣiṣẹ́. Ẹ fetí sí ohun tó tẹ̀ lé e lẹ́nu: “baba ìsàlẹ̀ wa” sábà máa ń jẹ́ ọ̀wọ̀, “àwọn baba ìsàlẹ̀ rẹ̀” ti di ẹ̀sùn.

Irú agbára bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Ìjẹ̀ṣà. Ìbàdàn ṣẹ́gun Iléṣà ní 1870. Ìlú tó bá wà lábẹ́ Ìbàdàn nígbà náà, ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi síbẹ̀, ni ará ìlú ń rí, ṣùgbọ́n ìjòyè kan wà n'Ìbàdàn tí í ṣe bàbá kékeré wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, òun ló sì ń gbẹnu sọ fún wọn. Ìnilára ètò yìí wà lára ohun tó fa ogun Kírìjì tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà, tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886.

Tí ẹ kò bá mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ká ní ọmọdé kan nínú ẹgbẹ́ aláṣọ ní ọjà Atakúnmọ́sà n'Iléṣà ń ko alága lójú, tí ẹ̀rù kò bà á, òwe tó bá a mu nìyí: kòkòrò tó ń jó lẹ́bàá ọ̀nà, onílù rẹ̀ wà nínú igbó. Ẹni tó ń jó ni kòkòrò, kì í ṣe onílù, nítorí náà ẹ má pa á mọ́ àgbà. Bí àgbà bá wà níjòókòó, ẹ fi “tótó, ó ṣe bí òwe” tẹ̀ lé e, kí wọ́n lè dáhùn pé ẹ ó rí òmíràn pa.

Ẹ má fi afọbajẹ kún wọn. Ìjòyè tí gbogbo ìlú mọ̀ ni, iṣẹ́ oyè rẹ̀ ló ń ṣe.