“Òjò Á Gbé E Lọ”: Ibo Gan-an Ni Òjò Òṣogbo Ń Gbé Pàǹtí Wa Lọ?

Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú dẹ̀dẹ̀ ní Òṣogbo, ẹ ó rí ọmọdé tí a rán níṣẹ́, tó ru àpò ilẹ̀ tí wọ́n gbá jọ, tó ń sáré lọ sí ẹ̀bá gọ́tà. Yóò dojú àpò náà dé, yóò gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, yóò sì sá padà wọlé kí ẹ̀kán òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Bí ẹ bá bi ìyá rẹ̀ léèrè, ìdáhùn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: òjò á gbé e lọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà, lẹ́nu onílé àti ayálégbé, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé òun ń ṣe ibi. Wọ́n gbà á gbọ́ tọkàntọkàn pé àgbàrá a máa fọ ìlú mọ́.

Ó yẹ kí a sọ òótọ́ nípa ìgbàgbọ́ yìí kí a tó tako ó: kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ló bí i. Ní ayé àwọn ìyá wa àgbà, èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, háhá àgbàdo àti ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ ló máa ń wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n bá gbá. Èyí tí ewúrẹ́ kò bá jẹ yóò dé ààtàn, òjò yóò rẹ ẹ́, ìdin àti ikán yóò bá a dé ìdí, nígbà tí yóò bá sì fi di ọdún kejì, ẹ̀fọ́ tàbí ìbẹ́pẹ ni yóò hù níbẹ̀ láìsí ẹni tó gbìn ín. Eérú ààrò pàápàá kì í ṣe ohun tí à ń dà nù, nítorí aláró ń fi ṣiṣẹ́, ẹni tó ń se ọṣẹ dúdú náà sì ń wá a. Ẹni tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń jáde nílé rẹ̀ lè sọ pé òjò á gbé e lọ, kò sì purọ́. Ohun tó wà nínú àpò ló ti yí padà mọ́ wa lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni kò yí padà.

Ẹ wo inú àpò ti òde òní: ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ọ̀rá dúdú tí a fi gbé ata bọ̀ láti ọjà, ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, páḿpásì ọmọ. Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé. Oòrùn lè sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́ títí yóò fi máa já wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ náà ọ̀rá ni, ẹja inú odò sì lè gbé e mì mọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Mo ti dúró wo ẹnu kọ́fátì kan nígbà tí òjò ń rọ̀. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan ṣáájú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ igi kékeré kan tó há sí ẹnu ihò náà. Òmíràn dé, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sẹ́yìn wọn, ike kan dé, ó yí bírí, òun náà há. Kò pẹ́ rárá tí omi tó yẹ kó gba abẹ́ títì fi gun orí títì, tó sì kọjú sí àgbàlá àwọn tó wà nísàlẹ̀. Omi bẹ́ẹ̀ kì í béèrè ọ̀nà kànga; bí kànga kò bá ní ìdérí tó ga, gbogbo ẹ̀gbin gọ́tà ni yóò bá a wọlé, ibẹ̀ sì ni onígbá-méjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti ń bá ẹbí. Bí òjò bá dá tán, omi á kù sínú ike àti ọ̀rá, bí ọjọ́ mẹ́wàá péré sì tó fún ẹ̀fọn láti yé ẹyin síbẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ sì fò.

Èyí tí kò bá há, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Odò Òkóòkó àti Ògbáàgbá tó la ìgboro kọjá, inú Ọ̀ṣun ni wọ́n ń ṣàn sí. Ọ̀ṣun tó ti agbègbè Ìgèdè ní Èkìtì bọ̀, kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Ọ̀sà Lẹ́kìí ló ń bọ́ sí. Nítorí náà, “lọ” tí à ń wí yìí ní ibi tó ń lọ, àwọn ènìyàn sì ń gbé ibẹ̀.

Àwọn kan á ní omi tó bá ń ṣàn ti wẹ ara rẹ̀ mọ́. Odò tó ń ṣàn lè borí ìdọ̀tí díẹ̀ tó lè jẹrà, kò lè borí ọ̀rá, kò sì lè borí ohun tí àwọn tó ń wa góòlù ní agbègbè Iléṣà ń tú sí i lókè. Pípọ́n tí omi Ọ̀ṣun pọ́n ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí hàn sí gbogbo ojú, ní ọdún 2022 sì ni ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu omi náà.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju bí ó ti yẹ lọ nítorí orúkọ ìlú wa. Ìtàn tí a bá nílẹ̀ sọ pé nígbà tí Tìmẹ́hìn ọdẹ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gé igi lulẹ̀ sínú odò, ohùn kan jáde láti inú omi pé, “Oṣó inú igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi.” Ẹ̀sùn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí odò náà bá wa sọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ní a ti mú orúkọ Òṣogbo. Oyè Àtáója náà, ẹja tí ọba tẹ́wọ́ gbà nínú odò yìí ló wà nídìí rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó ń jẹrà àti ohun tí kì í jẹrà kò nílò owó púpọ̀. Igbó Ọ̀ṣun tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75 wà lẹ́yìn ilé wa. Ìjọba àpapọ̀ ka apá kan rẹ̀ mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1965, UNESCO fi kún ogún gbogbo ayé ní 2005, èyí kò sì lè ṣẹlẹ̀ bí kì í bá ṣe ti Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn ọmọ Òṣogbo bí i Adébísí Àkànjí tí wọ́n jọ ṣe é. A kì í dọdẹ níbẹ̀, a kì í pẹja, a kì í gégi. Kí olùkọ́ mú ọmọ lọ síbẹ̀, kí ó ní kí wọ́n fọwọ́ wú ewé gbígbẹ lábẹ́ igi: lókè, ewé ṣì pé, nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ti di jákujàku, nísàlẹ̀ pátápátá, ilẹ̀ dúdú ni. Nínú ìlú, ẹni tó ń sin ewúrẹ́ ń wá èèpo, ẹni tó ń ra àlòkù irin àti ike ń kọjá lójú ọ̀nà, obìnrin tó ń ta ewé mọ́ínmọ́ín sì wà lọ́jà. Bí a bá yọ ti àwọn wọ̀nyí kúrò nínú àpò, ohun tó kù fún ọkọ̀ akólẹ̀ kò ní í wúwo.

Ilé ẹ̀kọ́ tí kò sún mọ́ Igbó Ọ̀ṣun lè gbẹ́ ihò kan sẹ́yìn kíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí wọ́n sin ewé ẹ̀kọ kan àti ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan síbẹ̀, kí wọ́n sì máa bomi rin ín. Ní ìparí sáà, kí àwọn ọmọ fúnra wọn hú u. Agbára káká ni wọn yóò fi rí iṣan ewé náà mú dání. Ọ̀rá náà, bí wọ́n bá fi omi ṣan án, wọn yóò ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára.