Ìwà ẹ̀tọ́ nínú òwò kòkó àgbáyé

Ìwà ẹ̀tọ́ nínú òwò kòkó àgbáyé dá lórí bó ṣe yẹ kí àwọn tó ń ra kòkó, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń sọ ọ́ di ṣókóléètì àti àwọn ìjọba tó ń gba owó-orí lórí rẹ̀ máa ṣe sí àgbẹ̀ tó gbìn ín, sí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lóko, àti sí igbó tí wọ́n ń ṣán láti dá oko tuntun. Ivory Coast àti Gánà nìkan ló ń pèsè ju ìdajì kòkó tí gbogbo ayé ń lò lọ. Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù náà wà lára àwọn tó tẹ̀lé wọn ní Áfíríkà. Òkè òkun ni wọ́n ti ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ṣókóléètì tó ń tinú rẹ̀ jáde, ọwọ́ tó wà láàárín ẹni tó gbìn ín àti ẹni tó ń jẹ ẹ́ sì pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dá iye lé kòkó

Àgbẹ̀ kọ́ ló ń dá iye lé kòkó rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti fọ́ ọ, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo hóró rẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, tó sì sá a títí tó fi gbẹ, ẹni tó ń rà á ní abúlé ni yóò sọ iye tó fẹ́ san. Ìyẹn náà ń wo ọjà àdéhùn ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York, níbi tí wọ́n ti ń fi pọ́n-ùn àti dọ́là ná kòkó tí ẹnikẹ́ni kò tíì ká. Nínú iye tí ọjà yẹn bá sọ ni wọ́n ti ń yọ owó àpò, owó ọkọ̀ dé èbúté, èlé orí owó tí wọ́n yá ní báńkì àti èrè gbogbo àwọn tó wà láàárín, kí èyí tó kù tó kan àgbẹ̀.

Ní Gánà àti Ivory Coast, ìjọba ló ń kéde iye tí wọ́n máa san fún àgbẹ̀ nígbà tí àsìkò bá bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà ti fi irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti 1986. Ìyàtọ̀ náà hàn gbangba ní 2024, nígbà tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ìparí oṣù kẹta, tó sì tún kọjá 12,000 ní oṣù Kejìlá: owó gun òkè lọ́wọ́ àgbẹ̀ Nàìjíríà bó ṣe ń gùn lágbàáyé, ṣùgbọ́n iye tí ìjọba kéde ni àgbẹ̀ Gánà ń gbà, nítorí wọ́n ti ta púpọ̀ nínú kòkó náà sílẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí iye bá já wálẹ̀, ètò Gánà a máa dáàbò bo àgbẹ̀ dé ìwọ̀n kan, ti Nàìjíríà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A kò lè tọ́ka sí ọ̀kan nínú méjèèjì pé òun ni ó bá ẹ̀tọ́ mu ní gbogbo ìgbà.

Ìwà àìtọ́ kì í sì í ṣe ti àwọn ará òkè òkun nìkan. Fífi òṣùwọ̀n rẹ́ni jẹ àti yíyá àgbẹ̀ lówó ní àkókò tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, kó lè fi kòkó tó ṣì wà lórí igi san án ní iye tó kéré, ti wà ní abúlé tipẹ́tipẹ́.

Ìtàn

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tó dé etí ayé wá láti São Tomé, erékùṣù kan tó wà lábẹ́ ìjọba Pọtogí nígbà náà. Wọ́n ń kó ènìyàn láti Àǹgólà lọ síbẹ̀ lórúkọ àdéhùn iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó padà sílé. Cadbury ti Bírítéènì, ilé-iṣẹ́ ìdílé ẹlẹ́sìn Quaker tó lòdì sí òwò ẹrú, wà lára àwọn tó ń ra kòkó náà. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ọ̀dọ̀ àwọn olórí rẹ̀ láti 1901, wọ́n sì rán Joseph Burtt lọ wádìí ní 1905, ṣùgbọ́n ó di 1909 kí wọ́n tó jáwọ́ nínú rírà á. Nígbà tí ìwé ìròyìn Standard bẹnu àtẹ́ lù wọ́n, wọ́n pè é lẹ́jọ́ fún ìbanilórúkọjẹ́. Ilé ẹjọ́ dá wọn láre, àmọ́ owó ìtanràn tí wọ́n gbà kò ju fáàdìnì kan ṣoṣo lọ, ìyẹn ìdá mẹ́rin pẹ́nì. Ìdájọ́ yẹn sọ púpọ̀ nípa ojú tí àwọn ará ìlú tí ilé ẹjọ́ yàn láti dá ẹjọ́ náà (jury) fi wo ìfalẹ̀ wọn.

Ní 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí UAC (United Africa Company) ṣáájú fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí wọn yóò máa ra kòkó ní Gold Coast (Gánà òde òní) àti Nàìjíríà, kí wọ́n má baà máa fi owó lé e mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast kọ̀, wọn kò ta kòkó, wọn kò sì ra ọjà òyìnbó títí di 1938. Ìgbìmọ̀ Nowell tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá dá a lábàá pé kí wọ́n fagi lé àdéhùn náà.

Bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ó sì di ti ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní 1954. Iye tó ń san fún àgbẹ̀ kéré sí ti ọjà àgbáyé, kí ó lè fi ìyókù pamọ́ de ìgbà tí iye kòkó bá já wálẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú owó náà di ti ìdàgbàsókè Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, àti ti àwọn nǹkan mìíràn. Ní 1962, Ìgbìmọ̀ Coker tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti ṣèwádìí rí i pé wọ́n ti yá owó Bọ́ọ̀dù fún ilé-iṣẹ́ kan tó so mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group. Ilé Kòkó tó ga tó mítà 105 ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965, ṣì jẹ́ ẹ̀rí rere ohun tí owó kòkó lè ṣe. Bóyá ẹnikẹ́ni bi àgbẹ̀ léèrè kí wọ́n tó ná an jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní 1968 sí 1969, owó-orí tó wúwo ni wọ́n ń bá jà, ṣùgbọ́n iye tí Bọ́ọ̀dù ń fi ra kòkó lọ́wọ́ wọn wà lára ohun tó ń bí wọn nínú.

Iṣẹ́ ọmọdé àti òfin

Ní oṣù kẹsàn-án 2001, àwọn ilé-iṣẹ́ ṣókóléètì fọwọ́ sí àdéhùn Harkin-Engel ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní àwọn yóò fòpin sí irú iṣẹ́ ọmọdé tó burú jù. Wọ́n dá 2005, wọn kò lè ṣe é. Wọ́n sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún sún un. Ìwádìí Yunifásítì Chicago tó jáde ní 2020 sọ pé bí mílíọ̀nù kan àti 560,000 ọmọ ló ń ṣiṣẹ́ nínú kòkó ní Gánà àti Ivory Coast. Àdéhùn tí kò ní ìjìyà fún ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ kò lè so èso ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ẹjọ́ náà kò ran àwọn tó fara gbá lọ́wọ́: ní 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà sọ pé àwọn ará Málì mẹ́fà tó ní wọ́n fi àwọn ṣẹrú lóko kòkó nígbà tí àwọn wà ní kékeré kò lè pe Nestlé àti Cargill lẹ́jọ́ níbẹ̀, nítorí Amẹ́ríkà kọ́ ni ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀.

Gánà àti Ivory Coast bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè 400 dọ́là lé iye tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan láti àsìkò 2020 sí 2021, kí ó lè ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní tirẹ̀ ṣe òfin ní 2023 tó ka kòkó léèwọ̀ bí wọ́n bá gbìn ín sí ilẹ̀ tí wọ́n ti pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn 31 oṣù Kejìlá 2020, ó sì ní kí wọ́n máa fi àwòrán ilẹ̀ tọ́ka sí oko gan-an tí kòkó náà ti wá. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní Nàìjíríà, ó kan àwọn tó dá oko sínú igbó ọba, irú Ọmọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì tún kan àgbẹ̀ tí kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ní abúlé, àwọn tó ń ra kòkó máa ń da ti oko púpọ̀ pọ̀ sínú àpò kan náà.