Ọkọ̀ Kíákíá Tó Fún Wiki Lórúkọ

Ní èdè Hawaii, "wiki" ni kí nǹkan yá. Bó bá ní láti yá gan-an, wọ́n á pè é lẹ́ẹ̀mejì: wikiwiki. Ọmọ Yorùbá ò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀. Kíá, kíákíá. Orúkọ yìí ni wọ́n fún bọ́ọ̀sì tó ń gbé èrò láti ibùdó kan dé èkejì ní pápákọ̀ òfurufú Honolulu. Nígbà àkọ́kọ́ tí Ward Cunningham, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, débẹ̀, òṣìṣẹ́ kan ní kó lọ wọ bọ́ọ̀sì Wiki Wiki. Kò yé e, ó ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà ṣàlàyé pé "kíákíá" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Hawaii tí Cunningham kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, torí pé Èkó náà ti ní bọ́ọ̀sì kíákíá tirẹ̀ rí, àwọn òbí wa tó wọ̀ ọ́ ṣì ń dárúkọ rẹ̀.

Lọ́dún 1995, Cunningham fi orúkọ bọ́ọ̀sì náà sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: wiki, ìkànnì tí ẹni tó ń kà á náà lè kọ nǹkan sí. Ìdí iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ni àwọn olólùfẹ́ fíìmù, eré kọ̀ǹpútà, àwòrán ilẹ̀ àti oríṣiríṣi nǹkan ti ń kó ìmọ̀ wọn jọ lónìí.

Ẹni tó bá ti bá ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ohun kan rìn rí á mọ ìyọnu tó bí i. Ìmọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ènìyàn ló wà. Ẹnì kan béèrè ọ̀rọ̀ lónìí, àgbà kan fara balẹ̀, ó dá a lóhùn dáadáa. Kí oṣù tó yí, àlejò mìíràn ti dé pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Ìdáhùn ti àkọ́kọ́ ti rì sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó gorí i, àlàyé sì ti sú àgbà. Bí àgbà náà bá wá ṣíwọ́ pátápátá ńkọ́? Ó ká ohun tó mọ̀ lọ nìyẹn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ojútùú rẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni, Cunningham ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Tektronix ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ó fẹ́ mọ bí èrò ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn nínú iléeṣẹ́ náà: ta ló mọ kí ni, iṣẹ́ wo ló sì ti mọ̀ ọ́n. Apple ti gbé ètò kan jáde lọ́dún 1987, HyperCard, tó ń to ọ̀rọ̀ sórí káàdì, tí bọ́tìnnì sì ń gbéni láti káàdì kan bọ́ sí òmíràn. Cunningham dá káàdì sílẹ̀ fún ènìyàn, fún èrò, fún iṣẹ́. Ọgbọ́n kékeré kan ló wá fi kún un, òun gan-an sì ni mo kà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀ wiki. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kan, tí káàdì orúkọ náà ò sì sí, kọ̀ǹpútà á dún. Bí o bá di bọ́tìnnì náà mú tí o ò sì jù ú sílẹ̀, káàdì tuntun á yọ sí ọ lójú, òfìfo, ó ń retí ohun tí o mọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá jókòó sídìí rẹ̀ kì í fẹ́ dìde, torí pé olúkúlùkù ló máa ń rí nǹkan tí wọ́n ò tíì kọ síbẹ̀.

Àbùkù rẹ̀ ni pé orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà.

Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, Cunningham ti wà láàárín ẹgbẹ́ kan tó ń ṣàkọsílẹ̀ ọgbọ́n ìkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kọ́ Christopher Alexander, ayàwòrán ilé, ni wọ́n ń tẹ̀ lé: bí ìṣòro kan bá ń padà wá, ẹ fún ojútùú rẹ̀ lórúkọ, kí ẹlòmíràn má tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó nílò ibi tí gbogbo wọn á ti lè kọ ọ́ láìgba ọwọ́ òun kọjá. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1995, ó gbé WikiWikiWeb sórí ìkànnì rẹ̀, c2.com. Perl, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ló fi kọ ọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ó kọ̀wé pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní orí ayò ni ẹ̀ ń kọ̀wé lé. Ẹ lẹ ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan: AyoOlopon. Wiki á mọ̀ pé orúkọ ojú ìwé nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ti kọ ojú ìwé náà, orúkọ á di ìjápọ̀, ohun tí ẹ lè tẹ̀ kó gbé yín débẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì kọ ọ́, àmì ìbéèrè kékeré kan á yọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ tẹ àmì yẹn, àpótí òfìfo á ṣí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ihò 12 ni, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi pa mọ́, ó parí. Kò sí ẹni tí ẹ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹni tó kà á lẹ́yìn yín bá rí i pé ẹ ò ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń jẹ ọmọ, ó kàn máa lọ sísàlẹ̀ ojú ìwé ni, ó máa tẹ ibi tí wọ́n ti ń ṣàtúnṣe, òun náà á kọ tirẹ̀. Ojú ìwé mìíràn tún wà, RecentChanges, tó ń to gbogbo ohun tí ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ibẹ̀ làwọn ará ilé máa ń kọ́kọ́ yà, bí ẹni tó jí tó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ilé tí kò nílẹ̀kùn, ṣé olè ò ní kó o? Ìbéèrè náà ò burú, torí pé àwọn abàlújẹ́ wá lóòótọ́. Àwọn ètò tó tẹ̀ lé e ló dáhùn rẹ̀ dáadáa, bíi UseModWiki tí Clifford Adams kọ láàárín ọdún 1999 sí 2000. Ó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́, tó fi jẹ́ pé ohun tí ẹnì kan fi wákàtí kan bà jẹ́, ẹlòmíràn lè dá a padà ní ìṣẹ́jú àáyá.

Ìtàn Wikipedia ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Jimmy Wales àti Larry Sanger ti ń ṣe Nupedia, ìwé ìmọ̀ gbogboogbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ọdún 2000, níbi tí iṣẹ́ ti ní láti la ìpele 7 kọjá lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Àpilẹ̀kọ 21 péré ló yọrí lọ́dún àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní 2001, Ben Kovitz, tó mọ wiki Cunningham dáadáa, ṣàlàyé rẹ̀ fún Sanger nídìí oúnjẹ. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Wikipedia gbéra lórí UseModWiki. Nígbà tó pé ọdún kan, àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti tó nǹkan bí 20,000.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ ló wù mí jù. Wikipedia kì í gba gbogbo nǹkan. Ìwé ìmọ̀ gbogboogbò ni, kò sì lè fún gbogbo ọkọ̀ òfurufú inú eré ní ojú ìwé tirẹ̀. Lójú olólùfẹ́, kò sí èyí tó kéré. Lọ́dún 2003, àwọn olólùfẹ́ eré Star Trek dá wiki tiwọn, Memory Alpha, sílẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta 2005, ti fíìmù Star Wars dá Wookieepedia sílẹ̀. Wọ́n ní òfin tiwọn. Ní Memory Alpha, ohun tó jáde nínú eré tàbí fíìmù gan-an ni ẹ̀rí. Àbá olólùfẹ́ ò wọlé, bó ti wù kó dùn tó. Wọ́n tún ń kọ̀wé bí ẹni pé ayé inú eré náà wà lóòótọ́, bí òpìtàn ṣe ń kọ ìtàn ìlú. Ní oṣù kẹwàá 2004, Wales àti Angela Beesley dá Wikicities sílẹ̀ láti fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí wọ́n á kọ́ ilé wiki wọn sí. Ó di Wikia lọ́dún 2006, Fandom ni wọ́n ń pè é báyìí.

Lọ́dún 2015, wiki Cunningham fúnra rẹ̀ wà ní títì: a lè kà á, a ò lè kọ nǹkan sí i mọ́. Àmì ìbéèrè rẹ̀ ti di ìjápọ̀ pupa lórí Wikipedia. Lórí ti Yorùbá, tí ojú ìwé rẹ̀ ti lé ní 30,000, àwọn orúkọ pupa náà pọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni mo pàdé lálẹ́ ọjọ́ kan, nínú àpilẹ̀kọ kan lórí oúnjẹ: ewé eéran. Mo tẹ̀ ẹ́, àpótí ṣí. Mo mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, mi ò mọ̀ ju ìyẹn lọ. Mo pe ìyá mi. Màmá ní kí n kọ ọ́ pé wọ́n máa ń fọ̀ ọ́ tojú tẹ̀yìn, wọ́n á ká a bí àrọ, wọ́n á ṣẹ́ ìdí rẹ̀ padà kí omi ẹ̀wà má bàa jò. Pé a kì í da igi ewé nù, ìsàlẹ̀ ìkòkò là ń tò ó sí kí mọ́ínmọ́ín má bàa jóná. Mo kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe wí i, mo fi pa mọ́, mo lọ sùn. Nígbà tí mo jí, mo yà sí ibi tí wọ́n ń to àtúnṣe sí. Ẹnì kan tí n ò mọ̀ rí ti wọlé lóru, ó ti fi àmì ohùn tí mo gbàgbé sórí "eéran", ó sì ti fi ìlà kan kún un pé wọ́n tún ń fi ewé náà pọ́n ẹ̀kọ.