Láti Ọwọ́ Alájọ Dé Orí Ilẹ̀: Bí Ọrọ̀ Ṣe Ń Jọ ní Àjàṣẹ́

Ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kí oòrùn tó mú, alájọ ti ń kiri láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Ìyá aláta fún un ní 500 sẹ́fà, ó fa ìlà sójú ọjọ́ náà, ó kọjá sọ́dọ̀ onígàárì. Nígbà tí ọjọ́ 31 bá pé, owó ìyá aláta ti di 15,500. Alájọ á kó 15,000 fún un, á sì mú 500 tó kù, ìyẹn owó ọjọ́ kan, fún wàhálà ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá fi ìṣirò nìkan wò ó á ní àdánù ni. Olówó kò gba èlé kankan, òun gan-an ló ń sanwó kí wọ́n tó bá a tọ́jú owó rẹ̀, 6,000 sẹ́fà lọ́dún. Ṣùgbọ́n owó tó bá sùn sílé kì í ṣàìrí ẹni tó máa bèèrè rẹ̀: owó iléèwé tó kù díẹ̀ kó pé, ìnáwó àna, aṣọ ẹbí tí wọ́n ti pín fún gbogbo ilé. Èyí tó wà lọ́wọ́ alájọ ti bọ́ kúrò nínú gbogbo ìyẹn, torí olówó lè sọ láìpurọ́ pé kò sí lọ́wọ́ òun. Owó orí fóònù rọrùn láti fi pamọ́, àmọ́ ó rọrùn bẹ́ẹ̀ náà láti ná. Nítorí náà, 500 tí alájọ ń mú yìí kò pọ̀ jù fún ẹni tí owó kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Èsúsú yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn 12 kó ara wọn jọ, kálukú ń dá 20,000 lóṣooṣù, ẹnì kan á sì kó 240,000 lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o ti yá owó láìsan èlé. Ẹni tó kó o kẹ́yìn ti bá àwọn yòókù tọ́jú owó, kò sì gba nǹkan kan lé e. Ipò tí èèyàn bá mú ṣe pàtàkì gan-an: ẹni tó fẹ́ kó ọjà kí ọdún tó dé á bẹ̀bẹ̀ fún iwájú, ẹni tó ń rora ra páànù ilé lè dúró dẹ̀yìn. Ohun tó ń mú un dúró ni pé àwọn tí ojú ń ti ara wọn ló ń dá a, ará mọ́sáláṣí kan náà tàbí ará ìsọ̀ kan náà, torí ẹni tó ti kó tiẹ̀ lè sá.

Àjọ àti èsúsú ń kó owó jọ, wọn kò mú un dàgbà. Ẹni tó kó 15,000 lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n tó fi ra léèsì lọ́jọ́ kejì kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ìdàgbà owó ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n bá gbé e kúrò lọ́wọ́ alájọ lọ sí ilé ìfowópamọ́, bíi CLCAM (ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ àti ẹ̀yáwó) tàbí báǹkì, tí èlé sì ń bí èlé. Ká ní ìyá aláta kó owó oṣù méjìlá jọ, 180,000, tó fi sí i ní òpin ọdún kọ̀ọ̀kan, tí èlé sì jẹ́ 3.5 lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Lẹ́yìn ọdún 10, á ti fi 1,800,000 síbẹ̀, á sì bá nǹkan bíi 2,111,000. Lẹ́yìn ọdún 20, á ti fi 3,600,000 síbẹ̀, á bá nǹkan bíi 5,090,000. Èlé ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi 311,000. Ti mẹ́wàá kejì súnmọ́ 1,180,000, bẹ́ẹ̀ iye tó ń fi síbẹ̀ kò yí padà. Ẹni tó fọ́ owó náà lọ́dún kẹsàn-án ti jẹ eku tó yẹ kó bí ọmọ.

Gbèsè ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àmọ́ ó dojú kọ ẹni tó jẹ ẹ́. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òfin gbà kí àwọn ilé ẹ̀yáwó kéékèèké gba èlé tó tó 24 lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ẹni tó jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀, tó tún ń tọ́jú owó síbi tó ń mú 3.5 wá, ń fi ọwọ́ kan pọnmi sínú agbada tí ń jò. Kí ó san gbèsè náà ná. Ẹ̀yáwó tí wọ́n fi kó ọjà tó ń yára tà lè gba ara rẹ̀ là. Èyí tí wọ́n fi ṣe òkú tàbí ìgbéyàwó kò ní ibi tó ti máa pa owó wá.

Owó fúnra rẹ̀ sì ń gbó. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye sẹ́fà sí ìdajì lójú owó Faransé, ọjà òkè òkun sì gbówó lórí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, náírà ṣubú gidigidi, ẹni tó kó gbogbo èrè rẹ̀ sínú náírà lẹ́nu bodè sì rí i lójú. Nítorí èyí ni àwọn ará Àjàṣẹ́ fi ń gbé lára owó wọn bọ inú ohun tí kì í gbó bẹ́ẹ̀: ọjà tí kì í tètè bàjẹ́, ọ̀pẹ, ilé àyágbé, ilẹ̀ jù lọ.

Ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ohun tí wọ́n fi ogún ọdún kó jọ. Ọmọ ẹbí kan tà á fún ẹnì kan, àbúrò rẹ̀ tún tà á fún ẹlòmíràn, ìwé ọwọ́ sì wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, titre foncier ni ìwé tó fìdí ẹ̀tọ́ olúwarẹ̀ múlẹ̀, ANDF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ló sì ń ṣètò rẹ̀. Kí owó tó jáde lápò, kí géomètre, ìyẹn awọnlẹ̀, wọn ilẹ̀ náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ANDF, kí àwọn àgbà ẹbí tó ní in pésẹ̀. Owó tí èyí ń gbà dùn ún san ju owó lọ́yà lọ.

Ọjà ìpín ìdókòwò BRVM wà ní Àbíjàn láti 1998. Èèyàn lè jókòó ní Àjàṣẹ́ kó ti ọwọ́ alágbàtà tí wọ́n ń pè ní SGI ra ìpín ilé iṣẹ́ bíi BOA Bénin, tàbí ìwé tí ìjọba fi ń yá owó. Ìpín lè gòkè, ó lè wálẹ̀, nítorí náà owó tí wọn kò ní nílò láìpẹ́ ló yẹ kó wọ ibẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ṣèlérí èlé ńlá láìsọ ohun tó ń fi owó náà ṣe, kí èèyàn rántí ilé iṣẹ́ ICC Services, tó wó ní 2010 pẹ̀lú owó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Bẹ̀nẹ̀ nínú.

Kò yẹ kí olówó nìkan mọ ibi tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí wà. Òfin ìdílé ti 2004 fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ kan náà sí ogún, àmọ́ ogún tí wọn kò mọ̀ pé ó wà kò ṣeé pín. Kí ọmọ kan tó ní làákàyè mọ àpótí tí káàdì alájọ, ìwé CLCAM àti ìwé ilẹ̀ wà, kó sì mọ orúkọ tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.