Oògùn àlẹ́jì àti ẹ̀dọ̀

Oògùn àlẹ́jì ni oògùn tí a ń lò bí ara bá kọ nǹkan kan, tí imú ń ṣomi, tí ojú ń yúnni tàbí tí ara sú. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ìgbà ọyẹ́, tí eruku bá gba ìgboro kan, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá a kiri. Àwọn tó wọ́pọ̀ jù ni chlorpheniramine (Piriton lorúkọ tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí), loratadine, cetirizine àti promethazine.

Wọn kì í sábà pa ẹ̀dọ̀ lára. Àwọn èèyàn díẹ̀ wà tí cetirizine tàbí loratadine ṣe ẹ̀dọ̀ wọn léṣe, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ara wọn sì sábà máa ń yá bí wọ́n bá ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Cyproheptadine, tí àwọn kan ń lò kí oúnjẹ lè wù wọ́n kí wọ́n sì sanra, ti sọ ojú àwọn mìíràn di yẹ́lò rí.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ò tilẹ̀ ka Piriton sí oògùn àlẹ́jì. Láyé chloroquine, tó máa ń mú kí ara yún ọ̀pọ̀ ẹni tó bá lò ó, òun ni wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn. Nàìjíríà pa chloroquine tì gẹ́gẹ́ bí oògùn ibà àkọ́lò ní 2005, síbẹ̀ àwọn kan ò tíì jáwọ́ nínú fífi Piriton kún oògùn ibà.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí loratadine kó tó kúrò lára. Ti cetirizine, inú ìtọ̀ ni èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń bá jáde. Ti fexofenadine, oògùn àlẹ́jì mìíràn, inú ìgbẹ́. Nítorí pé ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí loratadine ni wọ́n ṣe ń ní kí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ gidi lò ó mílígíráàmù 10 lónìí, kó fo ọ̀la.

Oògùn ọ̀fìnkìn alápòpọ̀ ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Àkúrẹ́, bíi ti ibòmíràn ní Nàìjíríà, wọ́n máa ń di oríṣiríṣi hóró sínú ọ̀rá kékeré kan: Piriton tín-ń-tín, paracetamol funfun ńlá, àti oògùn ọ̀fìnkìn tí paracetamol tún wà nínú rẹ̀, láìsí orúkọ lára ọ̀kankan. Ẹni tó gbé e mì ò mọ̀ pé ìlọ́po méjì lòun lò. Mílígíráàmù 500 ló sábà máa ń wà nínú hóró kan. Hóró 8, ìyẹn gíráàmù 4, ni òpin fún àgbàlagbà láàárín wákàtí 24. Apá kan paracetamol máa ń di májèlé tí wọ́n ń pè ní NAPQI, èyí tí èròjà glutathione inú ẹ̀dọ̀ ń pa rọ. Bí paracetamol bá pọ̀ jù, glutathione á tán, májèlé á sì kọjú sí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ó lè jẹ́ èébì lásán ni wọ́n á rí. Acetylcysteine ni wọ́n fi ń gbógun tì í, ó sì dára jù láàárín wákàtí 8 lẹ́yìn tí èèyàn bá gbé paracetamol náà mì. Glutathione ẹni tó ń mu ògógóró lójoojúmọ́ ti kéré tẹ́lẹ̀.

Prednisolone àti dexamethasone, tí wọ́n jẹ́ oògùn steroid, tún wà, tí àwọn kan ń rà fúnra wọn bí ara yíyún bá kọ̀ tí kò lọ. Bí wọ́n bá pẹ́ lórí rẹ̀, ó lè jí kòkòrò hepatitis B tó sùn sínú ẹ̀dọ̀. Ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí àgbàlagbà 8 nínú 100 ló ní in ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ̀.

Ara yíyún tí kò sí èélá kankan níbẹ̀ gan-an lè jẹ́ àmì àìsàn ẹ̀dọ̀, àgàgà bí ìtọ̀ bá dúdú tí ìgbẹ́ sì funfun. Piriton kì í fi bẹ́ẹ̀ ran irú èyí lọ́wọ́, àfi kó kun èèyàn lóorun. Nínú ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀, òun àti promethazine lè da ọpọlọ rú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ALT àti AST (èròjà tó ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá fara pa) àti bilirubin (èròjà tó ń sọ ojú di yẹ́lò) ni wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe wà.