Ìgbì tó ń gbé ọmọ lọ ni àwọn ọmọ kan ń gùn: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí òkun wa, láti Èkó dé Dakar

Tí òjò bá ti wọlé, ìjọba Èkó a bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, ìròyìn ọmọ tí omi gbé lọ a sì tún kàn wá lára. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, fọ́tò àwọn ọmọ Tarkwa Bay, etí òkun kan ní Èkó, a bọ́ sórí fóònù wa: wọ́n dúró lórí pátákó, wọ́n ń gun ìgbì bí ẹni gun ẹṣin. Àwọn tó sì ti dé Dakar ń sọ pé aṣọ rọ́bà láti ọrùn dé kókósẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ kí wọ́n tó wọ òkun yìí kan náà. Ó rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Àwọn ìbéèrè tí ẹ bi wá nìyí.

Ṣé òkun kan náà ni lóòótọ́?

Òkun kan ni. Àtìláńtíìkì ló fi omi kan etí Èkó, Kútọnu, Lomé, Accra, Abidjan àti Monrovia títí dé Dakar.

Kí ló wá dé tí ti Èkó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ti Dakar sì tutù?

Afẹ́fẹ́ ni. Láti ìparí ọdún títí di nǹkan bí oṣù Karùn-ún, afẹ́fẹ́ kan máa ń ti àríwá wá, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ etí ilẹ̀ Senegal kọjá. Nítorí pé ayé ń yí, omi ojú òkun kì í tẹ̀ lé afẹ́fẹ́ náà ní tààrà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń yà sí, ìyẹn ni pé ó ń fi etí ilẹ̀ sílẹ̀, ó ń lọ sí agbami. Bí omi òkè bá ti lọ, omi abẹ́, èyí tí oòrùn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á gòkè wá gba ipò rẹ̀. Omi abẹ́ yẹn ló tutù. Ní oṣù Kejì sí Ìkẹta, òkun Dakar máa ń wà láàárín ìwọ̀n 17 sí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tí ti Èkó ń sún mọ́ 29. Ará Èkó tó bá ki ẹsẹ̀ bọ ibẹ̀, kíá ni yóò fà á yọ. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù Kẹsàn-án, tí afẹ́fẹ́ náà ti rọlẹ̀, omi Dakar pàápàá á gbóná, aṣọ rọ́bà á sì di ohun tí wọ́n gbé kọ́.

Omi tútù yẹn kì í sì gòkè lásán. Ó ń kó ohun tó ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun bọ̀ wá sókè, òun ni àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi ń jẹ, àwọn ẹja sì ń jẹ wọ́n. Bí omi Senegal ṣe kún fún ẹja kò ṣẹ̀yìn èyí.

Ghana ńkọ́?

Ó ní tirẹ̀, àkókò rẹ̀ ló yàtọ̀. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ni omi tútù máa ń gòkè ní Côte d'Ivoire àti Ghana, àsìkò yẹn sì ni àwọn apẹja Ghana ń retí àwọn ẹja kéékèèké tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́. Bó ṣe ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, agbára rẹ̀ ń dín kù. Kó tó dé Èkó, díẹ̀ ló kù nínú rẹ̀.

Kí ló kan ẹni tí kì í lọ sí etí òkun rárá?

Òjò orí ilé rẹ ló kàn. Gbogbo wa la mọ August break, ìgbà tí òjò máa ń dáwọ́ dúró láàárín àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò, tí ojú ọ̀run á ṣú láìrọ̀, tí atẹ́gùn á sì tutù láàárọ̀. Àjọ NiMet máa ń fi í sínú àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ tí wọ́n ń gbé jáde lọ́dọọdún, nítorí àgbẹ̀ tí kò bá mọ ìgbà tí yóò bọ́ sí lè gbin àgbàdo kó sì jóná. Omi òkun tó tutù yẹn wà lára ohun tó ń fà á. Tí ojú òkun bá gbóná, oru omi á gbéra, á di ìkùukùu tó ga sókè, á sì rọ̀. Tí ojú òkun bá tutù, ìkùukùu á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní lágbára láti di òjò ńlá.

Ẹ wo Accra. Etí òkun ló wà bíi ti Èkó, síbẹ̀ òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan kì í ju nǹkan bíi milimítà 800 lọ. Ti Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Òkun tó tutù níwájú ìlú náà àti bí etí ilẹ̀ ṣe yà níbẹ̀ wà lára ìdí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń ṣeré lórí pátákó nìkan là ń sọ.

Báwo ni ohun tó ń pa ẹlòmíràn ṣe di eré lọ́wọ́ àwọn ọmọ Tarkwa Bay?

Ìbéèrè yìí ló ká mi lára jù, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ń rò pé oògùn ni wọ́n ń lò.

Ìgbì tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa kì í ṣe ti Èkó. Ìjì tó ń jà ní ìsàlẹ̀ ayé, nítòsí ibi tí yìnyín wà, ló ń rú u sókè, á sì rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láàárín oṣù Kẹrin sí Ìkẹwàá ló máa ń lágbára jù, ìgbà òjò wa gan-an nìyẹn. Ìdí nìyí tí ìkìlọ̀ ìjọba àti fọ́tò àwọn ọmọ yẹn fi máa ń jáde pọ̀.

Ní ọ̀pọ̀ etí òkun Èkó, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́. Ìgbì kì í rí àyè rọ̀ kó tó dé. Ẹsẹ̀ yanrìn gan-an ló ti ń wó lulẹ̀, gbìì. Omi tó dà sókè yẹn gbọ́dọ̀ padà. Á kóra jọ, á wá ibi tí ilẹ̀ gbé jìn díẹ̀, á sì gba ibẹ̀ sáré padà sí òkun. Òun ni omi tó ń fani. Ó lè sáré tó mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí èèyàn lásán tó lè wẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dúró nínú omi tó mu ún ní ìbàdí á kàn rí i pé yanrìn ti yọ́ kúrò lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ òun.

Tarkwa Bay yàtọ̀ nítorí ògiri òkúta ńláńlá tí wọ́n tò sínú òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kí ọkọ̀ ojú omi lè rọ́nà wọ èbúté Èkó. Ògiri náà ń fọ́ agbára òkun, ó sì ń mú kí ìgbì wó díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ìgbì tó ń wó báyìí ló ṣeé gùn. Ọmọ náà á dojú bolẹ̀ lórí pátákó, á máa wo ẹ̀yìn. Bí ìdí pátákó bá ti gbéra báyìí, á fi ọwọ́ wa omi lẹ́ẹ̀mẹta kíákíá, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti àyà sókè, ẹsẹ̀ á sì ti dé abẹ́ rẹ̀. Okùn so pátákó mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀. Tó bá ṣubú, ohun tó léfòó wà nítòsí rẹ̀.

Èyí tó ya èèyàn lẹ́nu jù ni pé omi tó ń fani yẹn ni àwọn tó ń gun ìgbì fi ń ṣe ọkọ̀. Wọ́n á wá a kàn, wọ́n á dùbúlẹ̀ lórí pátákó, á sì gbé wọn kọjá ibi tí ìgbì ti ń wó.

Ṣé òyìnbó ló kọ́ wa?

Rárá. Ní àwọn ọdún 1640, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ Michael Hemmersam kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òbí ní etí òkun tí a ń pè ní Ghana lónìí ń so ọmọ wọn mọ́ pátákó kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń wẹ̀. Ní àwọn ọdún 1830, James Alexander, ará Britain, rí àwọn ọmọkùnrin ní Accra tí wọ́n fi pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n dúró de ìgbì, tó sì gbé wọn wá sébùúté. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọmọ yín pé eré òyìnbó ni, ẹ sọ èyí fún un.

Ṣé ìwà àwọn èèyàn létí òkun dọ́gba láti Èkó dé Dakar?

Kò dọ́gba. Ní Ngor, ní Dakar, àpáta ló wà lábẹ́ omi, ibi tí a ti lè mú ìgbì sì há. Àwọn ọmọ Lébou, ẹ̀yà tó ti ń gbé Dakar tipẹ́, tí wọ́n bí síbẹ̀ mọ ẹni tí ó kàn. Àlejò tó bá já ìlà níwájú wọn yóò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìdíje wà lọ́kàn wọn: Ngor ni Khadjou Sambe ti jáde, obìnrin àkọ́kọ́ láti Senegal tó fi gígun ìgbì ṣe iṣẹ́. Lójú yanrìn Dakar nírọ̀lẹ́, àwọn tó ń sáré àti àwọn oníjàkadì ni ẹ máa rí.

Ní Busua, ní ìwọ̀-oòrùn Ghana, omi rọ̀, àwọn tó ń kọ́ni sì ń gba àlejò tayọ̀tayọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú apẹja ní orílẹ̀-èdè yẹn, wọn kì í wa ọkọ̀ lọ pẹja lọ́jọ́ Tuesday. Ọjọ́ òkun ni. Ní Ouidah, ní Benin, etí òkun ni ọdún Vodun ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ti máa ń kún jù.

Ní Èkó, gbogbo rẹ̀ ló wà pọ̀. Aládùúrà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là, ẹlẹ́ṣin ń gbé àwọn ọmọ kiri, àwọn ọ̀dọ́ ń jó. Èèyàn púpọ̀ lọ sí etí òkun, díẹ̀ ló mọ omi. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ Tarkwa Bay ló mọ̀ ọ́n, àwọn ni ì bá sì máa kọ́ wa.

Ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀?

Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò ní Tarkwa Bay. Wọ́n ní nítorí àwọn tó ń fọ́ páìpù epo ni. Ọ̀pọ̀ ilé wó lọ́jọ́ náà. Ìgbì kò lọ, àwọn tó ń gùn ún sì ti padà síbẹ̀.

Ṣé kí n bẹ̀rù àkurákudà?

Rárá, omi tó ń fani ni kí ẹ bẹ̀rù.

Báwo ni mo ṣe lè dá a mọ̀?

Ẹ má kọ́kọ́ wọlé. Ẹ dúró lórí yanrìn tó ga fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ máa wò. Ibi tí ìgbì kò ti wó, tó dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín ibi méjì tó ń hó, tí omi rẹ̀ dúdú tàbí tó rú fún yanrìn, tí ìfóòfó ń gbà lọ sí ọ̀nà òkun: ibẹ̀ ni. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ òbí tí wọ́n fi ń sọ pé kí ọmọ lọ ṣeré níbẹ̀.

Tó bá ti fà mí ńkọ́?

Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Omi yìí kì í fani lọ sísàlẹ̀, agbami ló ń fani lọ. Àárẹ̀ ló ń pa èèyàn. Ẹ má bá a jà. Ẹ dojú sókè kí ẹ léfòó, kí ẹ mí, kí ẹ na ọwọ́ kan sókè. Tí agbára bá wà, ẹ wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ilẹ̀, títí tí yóò fi jọ̀wọ́ yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ padà wá, níbi tí ìgbì ti ń wó.

Mo rí ọmọ kan tó ń lọ. Ṣé kí n bẹ́ lé e?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ́ lé e lọ́wọ́ òfo. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, ìgbà púpọ̀ ló sì jẹ́ pé òkú méjì ni wọ́n ń gbé jáde. Ẹ pariwo pe àwọn tó ń ṣọ́ etí òkun, ẹ má sì mú ojú kúrò lára ọmọ náà. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí wọ́n dé pa lè gbé èèyàn léfòó. Ẹ jù ú sí i, tí okùn bá wà kí ẹ so ó mọ́ ọn. Ẹni tó ní pátákó ni kí ẹ rán.

Ọmọ mi fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń gun ìgbì. Ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Nínú omi tí kò ní ìgbì. Kó kọ́kọ́ lè léfòó, kó lè wẹ̀ láìdúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ tó gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí Tarkwa Bay. Ẹ wá ẹni tó dàgbà níbẹ̀ tó ń kọ́ni, kí ẹ sanwó fún un dáadáa, kí ẹ sì jókòó síbi tí ẹ ti ń rí orí ọmọ náà. Tí ẹni yẹn bá wo òkun láàárọ̀ tó ní kò ṣeé wọ̀ lónìí, ẹ mú ọmọ yín padà sílé.