Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Ọ́ìlì Gíà Ọ́tò Nínú Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́

Nínú ọkọ̀ tí ó ń pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀, ọ́ìlì pupa tí ó wà nínú gíà ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣe lórí kílọ́ọ̀ṣì nínú ọkọ̀ mìíràn. Pọ́ǹpù kan ń fà á láti inú páànù ìsàlẹ̀, ó ń tì í gba inú àwọn ihò tóóró, ibi tí ọ́ìlì bá sì ti fi agbára tẹ̀ ni àwọn awo kílọ́ọ̀ṣì ti ń lẹ̀ mọ́ra, tí ọkọ̀ fi ń bọ́ láti inú gíà kan sí òmíràn. Ọ́ìlì yìí kan náà ni ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì kọjá nínú torque converter (ohun èlò tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà), òun ni kì í jẹ́ kí irin ha irin, òun ni ó sì ń ru ooru lọ sí ara rédíétọ̀ kí ó lè tutù. Nítorí náà, bí irú rẹ̀ kò bá bá ọkọ̀ mu, tàbí tí ó pọ̀ jù tàbí tí ó kéré jù, gíà kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ooru ni ó ń pa á jù. Ọkọ̀ tí ó ń rá pálá ní ìkóríta Ọlá-Ìyá ní Òṣogbo lọ́sàn-án gangan, tàbí tí ó ń fi ẹrù gun òkè, máa ń po ọ́ìlì náà nínú torque converter láìsáré, pípò yẹn ni ó sì ń mú un gbóná. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó wà ní ìlú yìí, ẹni tí ó rà á kì í sì í sábà mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà kẹ́yìn. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti yẹ̀ ẹ́ wò ni kí a fa géèjì, ìyẹn ọ̀pá tín-ín-rín tí a fi ń wọn ọ́ìlì gíà, yọ, kí a kán ẹ̀kán kan sórí pépà funfun. Bí ó bá pupa tí ó sì mọ́, kò sí ìyọnu. Bí ó bá ti dúdú, tí ó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ó ti gbó. Bí ó bá wá rí bí ẹ̀kọ tí a bu osùn sí, omi rédíétọ̀ ti wọ inú gíà nìyẹn, rédíétọ̀ ni a ó sì kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ké ṣùgbọ́n tí kò lọ, ó ṣeé ṣe kí awo kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti jẹ. Ọ́ìlì tuntun kò lè dá ohun tó ti jẹ padà.

Lára géèjì ọ̀pọ̀ Toyota, wọ́n kọ irú ọ́ìlì tí ó yẹ síbẹ̀, bíi Dexron tàbí T-IV. Ohun tí ó wà níbẹ̀ tàbí nínú ìwé ọkọ̀ ni kí a tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí ó wà lórí igbá ẹni tó ń ta ọ́ìlì. Honda ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ni a nílò, èyí tí ó ṣòro díẹ̀ ní àwọn àdúgbò tí ó wà lórí òkè. A ó wa ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú bíi 10 kí ọ́ìlì lè lọ́wọ́ọ́wọ́, a ó fi igi dí táyà, a ó sì fi jáàkì gbé e sókè, kí a tó gbé e lé irin ìdúró tí kì í sọ̀kalẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, kí a má sì fi búlọ́ọ̀kù ṣe ìdúró, nítorí pé búlọ́ọ̀kù lè fọ́ lójijì. Kí a tún wo nọ́ọ̀tì tí ọ́ìlì gíà ń gbà dà jáde dáadáa kí a tó tú u: nínú àwọn ọkọ̀ kan, ti gíà kò jìnnà sí ti ẹ́ńjìnnì, àwọn kan sì ti ṣèèṣì tú ti gíà dà nù, tí wọ́n wá rọ ọ́ìlì kún ẹ́ńjìnnì tí kò dín.

Bí a bá tú páànù fúnra rẹ̀, a ó rí mágínẹ́ẹ̀tì kékeré nínú rẹ̀, tí ẹrẹ̀ eérú bò. Kí a fi ìka méjì ra ẹrẹ̀ náà. Bí ó bá kúnná bí àtíkè, irin tí ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ni, kò sì burú. Ṣùgbọ́n bí ègé irin bá gún ìka, nǹkan ti fọ́ nínú gíà. A ó nu mágínẹ́ẹ̀tì, a ó pààrọ̀ asẹ́ àti gáàsíkẹ́ẹ̀tì, a ó sì fún àwọn bóòtù ní wọ́ọ́rọ́wọ́, láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, nítorí páànù tín-ín-rín máa ń tẹ̀, ó sì máa ń jò.

Bí ọ́ìlì àtijọ́ bá ti tutù, kí a rọ ọ́ sínú ike omi lítà 1.5 láti wọ̀n ọ́n. Iye tó jáde ni iye tí a ó fi àrọ rọ padà gba ihò géèjì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń jáde, torí púpọ̀ ṣì wà nínú torque converter. Ká ní gíà gba lítà 8, tí lítà 3 jáde, lítà 5 àtijọ́ ló kù. Bí a bá tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó di bíi lítà 3. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, bíi lítà 2 péré. Fún ọkọ̀ tó ti pẹ́, sùúrù yìí dára ju kí a fi ẹ̀rọ fọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ.

Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, a máa ń wo géèjì nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná, tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti fi ọ̀pá gíà kan gbogbo ipò rẹ̀ tí a sì dá a padà sí P. Nínú Honda, a óò kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá dín, pọ́ǹpù yóò máa fa atẹ́gùn; bí ó bá pọ̀ jù, irin tí ń yí yóò pò ó di ìfóòfó, atẹ́gùn náà ni yóò sì gba ibẹ̀ wọlé.

Inú kẹ́ẹ̀gì ni ọ́ìlì àtijọ́ ń lọ, kí a sì gbé e fún mẹkáníìkì tó ń kó irú rẹ̀ jọ. Kí a má dà á sí gọ́tà, nítorí ọ̀dọ̀ odò Ọ̀ṣun ni omi gọ́tà ìlú yìí ń lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí a tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí a kò rí àmì pupa kankan lórí rẹ̀, nọ́ọ̀tì àti gáàsíkẹ́ẹ̀tì ti jókòó dáadáa.